Ìṣó Inú Búrẹ́dì: Prego àti Oúnjẹ Ojoojúmọ́ ní Pọ́túgàl

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ fún àwọn alásè àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ síbí.)

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjókòó, mo kí yín o. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti dáná láti ìdájí kí ẹ tó gbéra wá síbí, ẹ kú iná, ẹ kú èéfín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, ẹ kú ìdúró, nítorí mo rí i pé àga kò kárí. Alága, ẹ gbà mí láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ kí a tó tan iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí.

Àwọn àgbà ní ọmọdé tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí ni yóò sọ pé kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo dé oko ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́fà ni mo lò ní Lisbon, olú ìlú Pọ́túgàl. Ọdún kan níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, ọdún márùn-ún nínú ilé ìdáná. Nígbà tí ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ilẹ̀ òkèèrè, mo rò ó lọ rò ó bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò máa retí oúnjẹ tí wọ́n fi ń gba àlejò ọba. Mi ò mú ìyẹn wá. Búrẹ́dì kan àti ẹran pẹlẹbẹ kan ni mo mú wá. Prego ni orúkọ rẹ̀.

Ta ló ti gbọ́ orúkọ yẹn rí nínú yín? Ẹ nawọ́ kí n rí i. Ẹni méjì. Ó dáa. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ bá mi ṣe ẹlẹ́rìí.

Orúkọ ni kí á fi bẹ̀rẹ̀

Ní èdè Potogí, ìṣó ni prego. Ìṣó tí káfíńtà ń kàn mọ́ pákó. Níbi iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà, torí kò sí ọjọ́ tí ọ̀gá wa kì í pariwo pé kí wọ́n gbé prego wá. Ọjọ́ tí mo wá kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná, mo ń fọ àwo lọ́wọ́ nígbà tí agbáwo kan yọjú lójú fèrèsé, ó kígbe pé: “Sai um prego!” Bí ẹni ń sọ pé kí ìṣó kan jáde o! Mo gbójú sókè. Ohun tí mo rí tó jáde ni búrẹ́dì kékeré kan lórí àwo pẹlẹbẹ, omi ẹran ń ṣẹ́ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn aáyù sì gba gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè: kí ló pa ìṣó pọ̀ mọ́ oúnjẹ?

Ìtàn méjì ni wọ́n ń sọ.

Ìkíní wá láti etí òkun kan tó ń jẹ́ Praia das Maçãs, ní agbègbè Sintra, ní ìwọ̀ oòrùn Lisbon. Etí òkun àwọn èso ápù ni ìtumọ̀ orúkọ ibẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Manuel Dias Prego ní ilé ọtí níbẹ̀, ó ń gé ẹran màlúù tó rọ̀ pẹlẹbẹ, ó ń fi í sínú búrẹ́dì, ó ń tà á pẹ̀lú wáìnì Colares tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò náà. Prego ni orúkọ ìdílé ọkùnrin náà. Àwọn oníbàárà wá ń sọ pé àwọn fẹ́ ti Prego, títí orúkọ ènìyàn fi di orúkọ oúnjẹ. Mo lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú kan. Mo wọ trámù kékeré, ọkọ̀ orí irin, tó ń ti Sintra lọ sí etí òkun náà, èyí tí wọ́n ṣí ní 1904. Ó ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín igi, ó ń yí, ó ń yọ̀ wálẹ̀, àfi gbàà tí òkun là sílẹ̀ níwájú wa. Mo ra prego kan, mo jókòó sórí ògiri kúkúrú tó dojú kọ omi, mo jẹ ẹ́. Atẹ́gùn òkun ń gba òórùn rẹ̀ lọ mọ́ mi lọ́wọ́, mo ń fi ọwọ́ bò ó.

Ìtàn kejì kò ní ènìyàn nínú. Aáyù ni ó ní. Wọ́n ní bí a ti ń gé aáyù wẹ́wẹ́, tí a tò ó sórí ẹran, tí a wá fi òòlù pákó lù ú títí yóò fi wọ inú ẹran lọ, bí ẹni ń kan ìṣó ni, ibẹ̀ sì ni orúkọ ti wá.

Èwo ni òótọ́? Etí mi fẹ́ràn ti àkọ́kọ́, torí ìtàn onílé ọtí etí òkun máa ń dùn ún gbọ́. Ọwọ́ mi gba ti ìkejì gbọ́, torí ọwọ́ mi ti kan ìṣó náà ní àìmọye ìgbà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí aáyù ti kéré tó lórí ẹran náà, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ wo ohun tó kù. Ẹran inú búrẹ́dì lásán.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un kí n tó kúrò lórí orúkọ. Ní ìlú àwọn Potogí, bí owó bá tán lọ́wọ́ ènìyàn, tó wá kó wúrà ọrùn rẹ̀ lọ fi dógò láti yá owó, wọ́n á ní ó ti fi í sí prego. Ó ti fi í kọ́ ìṣó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Mo máa ń rántí rẹ̀ ní ìparí oṣù, nígbà tí àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bá dúró sídìí káńtà, tí wọ́n ń ka ṣílè ọwọ́ wọn kí wọ́n tó mọ ohun tí wọn yóò jẹ. Prego ni wọ́n sábà máa ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ dé orí ọwọ́

Kí ló wà nínú prego? Ẹ bá mi kà á. Búrẹ́dì. Ẹran màlúù. Aáyù. Iyọ̀. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ tàbí bọ́tà tí a ó fi dín in. Ó tán. Ẹlòmíràn a fi ewé louro kan sí i, èyí tí ẹ̀yin náà ń rà lọ́jà tí ẹ ń pè ní bay leaf. Ẹlòmíràn a da wáìnì funfun díẹ̀ sí páànù. Kò sí màgí. Kò sí kọrí. Kò sí táìmù. Mo rí i tí ẹ ń wo ara yín. Ẹ fara balẹ̀.

Búrẹ́dì ni kí n kọ́kọ́ mú, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Papo-seco ni wọ́n ń pè é, àwọn ará Lisbon mìíràn ń pè é ní carcaça. Ó tó ìkúùkù àgbàlagbà, ìlà kan là á láàárín, orí rẹ̀ méjèèjì ṣe ṣóńṣó. Ìyẹ̀fun, omi, ìwúkàrà àti iyọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò sí ṣúgà, kò sí mílíìkì. Èèpo rẹ̀ le, ó ń dún bí ìgbà tí ènìyàn ń pa ẹ̀pà, inú rẹ̀ sì fúyẹ́. Bí wọ́n bá yan án láàárọ̀, tó bá fi di alẹ́ ó ti ń gan. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rà á. Láwọn abúlé kan lọ́hùn-ún, onílé a fi àpò aṣọ kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn kó tó lọ sùn. Bí ilẹ̀ bá fi mọ́, oníbúrẹ́dì ti kọjá, búrẹ́dì ti wà nínú àpò, ó ṣì ń gbóná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta búrẹ́dì Àgége, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Búrẹ́dì wa dùn, ó rọ̀, ó sì ń yó ènìyàn. Ṣùgbọ́n ṣúgà inú rẹ̀ yóò bá aáyù jà, omi ẹran yóò sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Mo ti dán an wò. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ oníbúrẹ́dì kan pé kó bá mi yan ti òní lọ́tọ̀, láìfi ṣúgà sí i.

Ó ku ẹran. Ẹ̀yin ìyá mi, mo mọ̀ pé ibí yìí ni ojú yín yóò ti yí padà. Àwa máa ń bọ ẹran kí á tó dín in. Àwọn kì í bọ̀ ọ́. Tútù ló ń bọ́ sínú páànù. Nítorí náà, kò lè jẹ́ irú ẹran tó wù kó jẹ́. Ibi tó rọ̀ lára màlúù ni wọ́n ń gé: vazia ní ẹ̀yìn, tàbí alcatra ní ìdí, ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè béèrè fún lombo, èyí tó rọ̀ jù lára ẹran náà. Wọ́n á dá a ní ìdábùú, kí iṣan rẹ̀ lè já sí kúkúrú. Wọ́n á wá lù ú títí yóò fi fẹjú, tí kò ní nípọn tó ìka ọmọdé. Aáyù, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má sì gún un. Gígé ni, wẹ́wẹ́, kí ó lè ní ara tí òòlù yóò kàn wọlé.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹran fẹ́lẹ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oṣù kẹta mi nídìí iná ni wọ́n kọ́kọ́ ní kí n ṣe prego fún oníbàárà. Mo gé ẹran náà nípọn. Inú rere ni mo fi ṣe é, mo fẹ́ kí ẹni náà rí ẹran jẹ dáadáa. Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ló rà á. Ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹran náà bá eyín rẹ̀ jáde, ó rọ̀ sí i lágbọ̀n, búrẹ́dì òfìfo kù sí i lọ́wọ́. Bàbá náà kò sọ nǹkan kan. Ó fi ọwọ́ dá ẹran padà sínú búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ tán, ó sanwó, ó lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó jẹ́ olórí alásè wa ti rí i. Lẹ́yìn tí a pa iná lálẹ́, ó pè mí. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹni tó ń jẹ prego kò mú ọ̀bẹ dání. Eyín rẹ̀ ni ọ̀bẹ rẹ̀. Ìwọ ni kí o ti bá a ṣe ìlàjì iṣẹ́ náà kó tó dé ẹnu rẹ̀.” Ó wá mú òòlù lé mi lọ́wọ́. A lu ẹran títí aago méjìlá fi lù.

Ẹ gbọ́ ti iná. Páànù gbọ́dọ̀ gbóná kó máa rú èéfín. Ọ̀rá á wọlé, ẹran á tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú kan ní apá kan, ẹ yí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú kan ní apá kejì. Wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá mal passado ló fẹ́, tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, tàbí bem passado, tó jinná dénú. Aáyù tó bá já bọ́ sínú ọ̀rá, ẹ tètè kó o kúrò. Bó bá dúdú pẹ́nrẹ́n, yóò korò, ìkorò náà yóò sì gba gbogbo rẹ̀. Ẹ wọ́n wáìnì funfun tàbí bíà sí páànù, kí ó hó yèè, kí ó ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ìdí páànù kúrò. Ẹ la búrẹ́dì, ẹ da ojú rẹ̀ dé inú omi ẹran yẹn, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ibí yìí gan-an ni prego ti ń di prego. Búrẹ́dì tí kò bá mu omi páànù, àlejò ló jẹ́ sí ẹran inú rẹ̀. Ẹ fi ẹran sáàárín, ẹ pa á dé. Mọ́sítádì àti ata piri-piri wà lórí tábìlì, oníkálukú á fi èyí tó wù ú sí i.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn bàbá wa ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Mi ò bá òwe jà, àwọn tó pa á mọ ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ prego nílé oúnjẹ tí wọ́n fi lombo ṣe é, tí búrẹ́dì rẹ̀ ti gan, tí ẹran rẹ̀ sì gbẹ. Mo ti jẹ èyí tí wọ́n fi alcatra olówó pọ́ọ́kú ṣe nídìí káńtà kan tí kò ju àga mẹ́fà lọ, mo sì padà lọ ní ọjọ́ kejì. Níbi tí nǹkan márùn-ún péré bá ti para pọ̀, kò sí ibi tí àṣìṣe lè sá pamọ́ sí. Ata rodo kò ní bò ó. Èròjà kò ní bò ó. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin tó ń kọ́ṣẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí délé: oúnjẹ ojoojúmọ́ ló ń tú àṣírí alásè jù lọ.

Ibi tí prego jókòó sí nínú ọjọ́

Ẹ jẹ́ kí á wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ wàyí, torí òun gan-an ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀.

Láyé àtijọ́, màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹran mẹ̀kúnnù ní Pọ́túgàl. Iṣẹ́ oko ni àgbẹ̀ ń fi màlúù rẹ̀ ṣe, ó ń fà ohun ìtúlẹ̀, ó ń fà kẹ̀kẹ́. Ẹja sádìnì, ẹja gbígbẹ oníyọ̀ tí wọ́n ń pè ní bacalhau, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n sìn nílé ni àwọn aláìní ń jẹ. Ẹran màlúù wọ́n. Bí èèyàn bá wá fẹ́ tọ́ ọ wò láìpa ara rẹ̀ lówó, kí ni yóò ṣe? Yóò gé e fẹ́lẹ́, yóò lù ú kó fẹjú, yóò fi búrẹ́dì bò ó. Ẹran díẹ̀ náà á wá kún ẹnu.

Ní aago kan ọ̀sán ní Lisbon, ẹ wọ ilé oúnjẹ kékeré èyíkéyìí tó ní káńtà. Ẹ ó bá òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tó wọ bàtà oníyẹ̀pẹ̀, ẹ ó bá òṣìṣẹ́ báǹkì tó so táì, ẹ ó bá ìyá arúgbó tó gbé àpò ọjà, gbogbo wọn wà ní ìdúró, èjìká kan èjìká. Ẹnì kan á ní, “Um prego e uma imperial.” Imperial ni ife bíà kékeré, báyìí ni ará Lisbon ṣe ń pè é; ní ìlú Porto, fino ni wọ́n á pè é, bí o bá sì pe imperial níbẹ̀ wọ́n á ti mọ ibi tó o ti wá. Wọ́n á jẹ ẹ́ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á padà síbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ipò wọn. Ọ̀nà kan náà ni búrẹ́dì náà gbà dé ọwọ́ gbogbo wọn.

Ẹni tó bá ní àyè láti jókòó lè ní òun fẹ́ prego no prato, prego inú àwo. Ẹran náà á wá láìsí búrẹ́dì, pẹ̀lú ìrẹsì, pòtétò díndín, àti ẹyin tí wọ́n dín gẹ́lẹ́ sórí ẹran. Wọ́n ń pe ẹyin yẹn ní ovo a cavalo, ẹyin tó gun ẹṣin. Orúkọ náà dùn mọ́ mi títí dòní. Ẹ má sì ṣi prego gbé pẹ̀lú bifana o. Bifana ni ti ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń sè nínú wáìnì àti aáyù. Ìlú Vendas Novas ní agbègbè Alentejo lókìkí nídìí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ní ilé tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀ nìyí. Nígbà kan, ọ̀gá wa fẹ́ fi ìmoore hàn sí wa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ó kó gbogbo wa lọ sílé oúnjẹ òkun. Irú ilé oúnjẹ báyìí pọ̀ ní Lisbon, cervejaria ni wọ́n ń pe èyí tí bíà àti oúnjẹ òkun ti pàdé. Àgbà wọn ni Trindade, tó wà nínú ilé tó jẹ́ ti àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn tẹ́lẹ̀, ó ti ń ta bíà láti 1836. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù fún ohun tí mo fẹ́ sọ ni Ramiro, ní òpópónà Almirante Reis, láti 1956. A jókòó. Wọ́n gbé edé wá, èyí tí wọ́n fi aáyù dín. Wọ́n gbé akàn wá, wọ́n fún wa ní òòlù kékeré láti fi fọ́ èèkánná rẹ̀. Wọ́n gbé percebes wá, ohun inú òkun kan tó rí bí èékánná àlégbà, tó sì wọ́n bí ojú, torí ara àpáta tí ìgbì ń lù ni àwọn ènìyàn ti ń fi ẹ̀mí wewu ká a. Edé ńláńlá tó gùn tó ọwọ́ tẹ̀ lé e. Owó rẹpẹtẹ ló wà lórí tábìlì yẹn.

Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, tí mo rò pé oúnjẹ parí, ọ̀gá gbé ọwọ́ sókè, ó ka orí wa, ó sì pe agbáwo. Mo rò pé nǹkan dídùn ló fẹ́ pè, kéèkì tàbí áísìkiriìmù. Ó ní, “Prego mẹ́jọ.”

Prego! Lẹ́yìn gbogbo nǹkan olówó iyebíye wọ̀nyẹn! Búrẹ́dì òṣìṣẹ́ èbúté ló wá fi dé oúnjẹ lórí. Mo wo àwọn tábìlì yòókù, mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn olówó tó wá láti òkè òkun, àwọn tọkọtaya tó wọ aṣọ òde, gbogbo wọn ni prego ń dé bá gbẹ̀yìn, wọ́n ń fún mọ́sítádì sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Mo bi ìyá alásè wa tó jókòó tì mí. Ó ní ohun òkun kì í yó ènìyàn, eré ọwọ́ àti ẹnu ni. Prego ló ń sọ fún ikùn pé ó ti jẹun. Lóòótọ́ ni. Bí mo ṣe gé e jẹ, inú mi balẹ̀. Iyọ̀ òkun ṣì wà ní ètè mi, omi ẹran àti aáyù wá bá a níbẹ̀. Mi ò rò pé mo ti tún jẹ nǹkan tó bá ara mu bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ wò ó. Oúnjẹ tí mẹ̀kúnnù ń jẹ ní ìdúró ní ọ̀sán ni olówó ń fi parí àsè lálẹ́. Wọn kò fi wúrà bò ó kó tó wọ ilé yẹn. Wọn kò yí orúkọ rẹ̀ padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àwa ṣe ń ṣe sí oúnjẹ ojoojúmọ́ tiwa? Níbi ìnáwó wa, ta ló ń gbé àkàrà sórí tábìlì àwọn èèyàn pàtàkì? Mo kàn bi yín ni.

Prego rìn jìnnà

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ní erékùṣù Madeira, tó jẹ́ ti Pọ́túgàl nínú òkun Àtìláńtíìkì, bolo do caco ni wọ́n ń fi prego sí. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ ni, wọ́n ń po ọ̀dùnkún mọ́ ìyẹ̀fun rẹ̀, òkúta dúdú gbígbóná ni wọ́n ń yan án lé lórí láyé àtijọ́, ìyẹn caco gan-an. Wọ́n á fi bọ́tà aláàáyù ra inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọ̀dùnkún lóko, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ó tún dé gúúsù Áfíríkà. Ọ̀kan nínú àwọn alásè wa, Mòsáḿbíìkì ni wọ́n ti bí i. Ó sọ fún mi pé nílé wọn ní Maputo, prego láìsí piri-piri, kò tíì parí. Nígbà tí Mòsáḿbíìkì àti Àńgólà gba òmìnira ní 1975, ọ̀pọ̀ àwọn Potogí tó ń gbé ibẹ̀ kó ẹrù wọn, àwọn kan padà sí Lisbon, àwọn kan lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Prego bá wọn lọ. Lónìí, ní Johannesburg, prego roll ti di oúnjẹ àwọn ará ìlú, ọbẹ̀ ata ń ṣàn lára rẹ̀. Ilé oúnjẹ Nando’s, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1987 ní àdúgbò Rosettenville níbẹ̀, inú àwọn Potogí bẹ́ẹ̀ ló ti hù jáde, adìẹ ni wọ́n sì fi ń ṣe prego tiwọn. Piri-piri fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlà oòrùn Áfíríkà ni, pilipili, ṣùgbọ́n láti Amẹ́ríkà ni irúgbìn ata náà ti wá, ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí wà lára ohun tó gbé e rìn káàkiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni ata inú ọbẹ̀ wa.

Àwa náà kò ṣàjèjì sí èdè yẹn. Lagos tí òyìnbó ń pe Èkó, ọ̀rọ̀ Potogí ni, adágún omi ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló mú frejon wá, ẹ̀wà tí wọ́n ń fi àgbọn sè ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, látinú feijão, ẹ̀wà ní èdè Potogí. Prego kò sí nínú ẹrù wọn. Brazil ni wọ́n ti wá, kì í ṣe Lisbon. Ọ̀nà mìíràn ló gbà dé ọ̀dọ̀ yín lónìí, inú àpò mi ni.

Mo rí ọwọ́ tó wà lókè, ìbéèrè pọ̀. Ìyá kan ti ń béèrè láti ẹ̀ẹ̀kan pé ṣé ẹran tí a kò bọ̀ yóò jinná láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ jẹ́ kí páànù dá wọn lóhùn. Ẹ bá mi tan iná yẹn. Búrẹ́dì rèé, ó ti àárọ̀ yìí dé. Alcatra rèé, ọjà Bódìjà ni mo ti rà á, mo ti dá a ní ìdábùú. Aáyù ti wà lórí rẹ̀, mo gé e wẹ́wẹ́. Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ béèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ iwájú. Ẹ gba òòlù yìí lọ́wọ́ mi. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kàn án wọlé.